Owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwa tí a ń ka ẹ̀kọ́ ohun àjogúnbá ní Nàìjíríà: ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Àkíọ́lọ́jì ni mo ń kà ní fásitì ìjọba àpapọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ owó epo lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ti àwa tí à ń walẹ̀ wá ìtàn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Ṣé ìjọba ní owó kankan fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, èdè Yorùbá, iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìtọ́jú ìwé àtijọ́ àti irú wọn? Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, ìyá mi nìkan ló ń sanwó. Ẹni tó bá ti gbà á rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe ń lọ gan-an fún mi, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Adélé Àkọsílẹ̀
Àbúrò, o káre tí o béèrè ní ọdún kejì. Ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè títí ìdánwò àṣekágbá á fi dé.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ ọ. Láti ọdún tí mo ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí bọ́sárì ìjọba kan ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ ohun àjogúnbá sí lára, tó sì ń jáde déédéé fún akẹ́kọ̀ọ́ fásitì. Ẹni tó bá jókòó tó ń dúró de èyí tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ yóò jáde kó tó rí i. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà ni àwa náà ń gbà. Iṣẹ́ wa ni kí á mọ èyí tó ṣí sílẹ̀ fún wa nínú wọn, kí ìwé wa sì ti pé kí wọ́n tó ṣí i.

Àwọn tí kì í ṣe tiwa, kí á yọ wọ́n kúrò. PTDF, ti epo àti gáàsì ni. Má gbọ́ ti ẹni tó ní kí o fi "àyípadà ojú ọjọ́ àti ìtàn" dọ́gbọ́n sí i, wọn ò ní kà á. TETFund náà, owó rẹ̀ kì í bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ. Fásitì ló ń gbà á fún ilé kíkọ́, ìwádìí, àti láti fi rán àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ kàwé sí i. Ṣùgbọ́n má gbàgbé orúkọ yẹn. Bí èsì rẹ bá dára tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ iwájú, TETFund ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ka Másítà àti dókítà láìná kọ́bọ̀ tara wọn.

Èyí tó kù ni tiwa: Federal Scholarship Board ní Àbújá, ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù ìpínlẹ̀ rẹ, owó tí àwọn aṣòfin ń pín ní ẹkùn wọn, àti NELFUND, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ni ìyẹn. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa bá a lọ níbẹ̀.

Títí Akádá
Ẹ̀gbọ́n Adélé ti sọ ọ́ tán. Ti Federal Scholarship Board ni mo mọ̀. Tí wọ́n bá ṣí fọ́ọ̀mù ti inú ilé, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wà ní ọdún kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní fásitì ìjọba, kó sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń lọ kíláàsì, kì í ṣe ti òpin ọ̀sẹ̀. Nítorí náà àkókò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ni, àbúrò. Wọn kì í bi ọ́ pé kí ló dé tó fi jẹ́ àkíọ́lọ́jì. Èsì rẹ ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn náà wọ́n á pè ọ́ fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ìdánwò yẹn, ohun gbogbogbòò ni: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìmọ̀ nípa orílẹ̀-èdè. Ìṣirò ló máa ń lé àwọn ọmọ Áàtì sẹ́yìn. Bí o bá ti fi ìṣirò sílẹ̀ láti WAEC, tètè padà síbẹ̀.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́
Ẹ má gbàgbé àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ o. Ní October 2021, ní ọjọ́ ayẹyẹ àwọn olùkọ́, ìjọba àpapọ̀ kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní fásitì ìjọba yóò máa gba ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan, ti NCE sì jẹ́ ₦50,000. Ẹni tó ń ka Yorùbá tàbí ìtàn ní ẹ̀ka Áàtì, kò kàn án. Ẹni tó ń ka Yorùbá tàbí ìtàn kan náà lábẹ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó kàn án. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì dean, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ yín wà nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí láti fásitì ni orúkọ ti ń lọ.

Bọ̀dé Aláriwo
Ẹ wo èyí tí mo rí: ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó eré ìdárayá, iṣẹ́ ọnà àti àṣà, wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tó ń ka ohun àjogúnbá ní bọ́sárì! Gbogbo ẹ̀ka ló wà níbẹ̀, àkíọ́lọ́jì, iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìtọ́jú ìwé, èdè. Ẹ sáré o!

Adélé Àkọsílẹ̀
Bọ̀dé, rọra. South Africa nìyẹn, ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nìkan ló wà fún. Ìjọba tiwọn rí i pé ẹni tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ kò pọ̀, wọ́n wá ya owó sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀dọ̀ wa, wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún bí mélòó kan kí wọ́n tó dá a padà. Mo dákẹ́ ná.

Bọ̀dé Aláriwo
Háà. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp.

Ìyá Káfẹ̀
Ilé kọ̀ǹpútà ni mo ní ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé gíga kan, èmi ni mo ń bá àwọn ọmọ yìí fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé kì í sọ. Ohun tó ń pa fọ́ọ̀mù kì í ṣe CGPA. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni.

Orúkọ tó wà lórí NIN, lórí BVN, lórí JAMB, lórí WAEC àti nínú ìwé fásitì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ó rí ọmọ tó ń jẹ́ Oluwaseun lórí JAMB, tó jẹ́ Seun ní báǹkì, tí NIN wá gbé orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú, tí fásitì tún fi orúkọ ìjọ kún un. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Á kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní sọ ìdí. Àwọn mìíràn á ti sọ pé ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀yà kọ́, "Seun" ni.

Ti ọjọ́ ìbí ló le jù, nítorí àtúnṣe rẹ̀ lórí NIN wọ́n. Láti 2025, ₦28,574 ni NIMC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe NIN, ń gbà fún un. Bó bá ti ṣeé ṣe, BVN ni kí ẹ lọ tún ṣe ní báǹkì kó bá NIN mu, dípò kí ẹ máa tún NIN ṣe. Kí ẹ sì ṣe é nígbà tí kò sí fọ́ọ̀mù níta, nítorí tí fọ́ọ̀mù bá ti jáde, ìlà á ti gùn.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá, ẹ má fi àmì ohùn sórí orúkọ yín nínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ pọ́tà ni kì í gba ọ àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀, á sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Ẹ fi àmì yín sílẹ̀ fún ìwé àpilẹ̀kọ.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ ṣé gan-an, ma. Mo yẹ ti èmi wò báyìí, NIN àti JAMB bára mu, báǹkì ni kò fi orúkọ àárín mi sí i. NELFUND ńkọ́? Ìyá mi ní òun kò fẹ́ gbọ́ gbèsè rárá.

Ṣọlá Ṣírò
Ìyá yín gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Òfin NELFUND, April 2024 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú, May ọdún kan náà ni pọ́tà rẹ̀ ṣí. Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé kì í wọ ọwọ́ yín, fásitì ni wọ́n ń san án fún tààrà. Ti ìtọ́jú ara ló ń wọ àkáǹtì yín, ₦20,000 lóṣooṣù. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan yóò tó bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ẹni tó gbà yín síṣẹ́ á máa yọ. Bí ẹ kò bá níṣẹ́, ẹ ó lọ fi ìwé ìbúra sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín nítorí pé òun fẹ́ "tì í" fún yín, olè ni.

Adélé Àkọsílẹ̀
Ṣọlá, gbogbo ohun tí o kọ ni mo gbà, àyàfi èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìṣègùn á rí owó oṣù tí wọn yóò yọ ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tàbí ilé àkójọ ìwé, owó oṣù rẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀ á dùn ún. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo gbogbo èyí tí a kì í dá padà, kí gbèsè jẹ́ ti ìkẹyìn.

Ṣọlá Ṣírò
Ẹ̀gbọ́n, ìdá mẹ́wàá nínú owó kékeré, owó kékeré náà ni. Ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún kejì nítorí owó kò ní owó oṣù kankan tí ẹnikẹ́ni á yọ. Bọ́sárì ìpínlẹ̀ tí ẹ ń sọ yìí, ẹ mọ̀ pé ó lè jáde lọ́dún yìí kó má jáde fún ọdún méjì. Ta ni yóò dúró dè é?

Adélé Àkọsílẹ̀
Èyí tí o sọ kẹ́yìn yìí, n kò lè bá ọ jà lórí rẹ̀.

Ìyá Káfẹ̀
Kí n fi kan kún ti NELFUND. Fásitì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí pọ́tà tó dá yín mọ̀. Bó bá ní òun kò rí nọ́ńbà mátíríìkì yín, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ láṣetúnṣe. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n gbà wọlé láìgba orí JAMB kọjá, kó tún ìyẹn ṣe ná. Bí ẹ bá sì ti sanwó ilé-ìwé fúnra yín kí tiwọn tó dé, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ kọ lẹ́tà sí fásitì fún owó tó yẹ kó padà sọ́dọ̀ yín.

Alága Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀
Mo ti ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ wa ní fásitì rí, ti bọ́sárì ìpínlẹ̀ ni tèmi. Èyí ló wúlò jù fún ẹ̀ka yín, nítorí ìpínlẹ̀ kì í sábà bìkítà nípa ohun tí ẹ ń kà, ibi tí ẹ ti wá ló kàn wọ́n. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Òndó, Èkìtì, gbogbo wọn ló ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó o.

Ìwé tí wọ́n máa ń béèrè kò yàtọ̀ púpọ̀: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́tà ìgbaniwọlé, ti JAMB àti ti fásitì, èsì sáà tó kẹ́yìn tí HOD fọwọ́ sí, káàdì akẹ́kọ̀ọ́, rìsíìtì owó ilé-ìwé, NIN, àti nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín fúnra yín. Èkó máa ń béèrè nọ́ńbà LASRRA, ìyẹn nọ́ńbà olùgbé Èkó, mọ́ ọn. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n tàbí ti ìyá kò wọ̀ ọ́.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Owó tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í wo èsì jù. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ta yọ ló pọ̀, àwọn díẹ̀ ló sì ń rí i. Ẹ kọ fún méjèèjì bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọmọ tó ní èsì kíláàsì kìíní, tó kọ fún ti gbogbogbòò nìkan torí ó rò pé ti àwọn tó ta yọ jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ yín ní fásitì. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, nítorí wọ́n ń pè wọ́n kí wọ́n wá gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò yẹ ìwé wò. Ní ibòmíràn, wọ́n ń wá sí fásitì gan-an láti wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ọdún mìíràn.

Àǹtí Ìbàdàn
Àwọn aṣòfin ńkọ́? Aṣojú-ṣòfin ẹkùn wa ń pín owó fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún.

Alága Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀
Òótọ́ ni, ma. Ọ́fíìsì wọn ní ẹkùn ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe Àbújá. Kò ní ìlànà tó dúró, ìdìbò ló máa ń jẹ́ kó pọ̀. Ẹ gbà á bó bá dé, ẹ má fi ṣètò ọdún yín.

Olùkọ́ Iho Ẹlẹ́rú
Mo ń kọ́ni ní ẹ̀ka tó sún mọ́ ti ọmọ tó bi ìbéèrè, mo sì ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà àwọn tó ń béèrè owó. Ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ ti sọ dára. Ẹ jẹ́ n sọ ti lẹ́tà fúnra rẹ̀, níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti ní kí ẹ kọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fún yín lówó, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀ka wa lè fi borí ẹni tó ń ka ohunkóhun mìíràn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kùnà.

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lẹ́tà tí mo ń kà ló bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àṣà wa, àṣà wa sì ń kú lọ." Ẹni tó ń kà á ti rí i nígbà ogún kó tó kan tìrẹ. Kò sí ẹni tó ń fún ènìyàn lówó nítorí pé ó fẹ́ràn nǹkan. Sọ ibì kan pàtó, sọ ohun tó wà níbẹ̀, sọ iṣẹ́ tí kò tíì sí ẹni tó ṣe é, kí o wá sọ èyí tí ìwọ lè ṣe nínú rẹ̀.

Wo ìwọ tí o ń jẹ́ Ọmọ Ìdànrè. Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé orúkọ tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO láti 2007. Kò tíì wọ àtòjọ ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ̀ ọ́ láti 2005, Sukur ní Adámáwá sì ti wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀ ní 1999. Àwọn méjì yìí nìkan ni a ní. Kí ohun kan tó wọlé, wọ́n ń fẹ́ àwòrán ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀, ètò bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ta ni yóò kọ wọ́n? Ẹni tó ń ka ohun tí o ń kà ni. Bí o bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún ìpínlẹ̀ Òndó pé o fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ṣàkọsílẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ tó wà lórí òkè náà, ìjọba ìpínlẹ̀ á rí i pé owó òun kò jìnnà sílé.

Ìpínlẹ̀ kan náà ló ní Iho Ẹlẹ́rú, ní ẹ̀gbẹ́ Ìsàrun, níbi tí Thurstan Shaw, onímọ̀ àkíọ́lọ́jì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wú egungun ènìyàn jáde ní 1965, egungun tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Lọ bi àwọn ọmọ Àkúrẹ́ mẹ́wàá bóyá wọ́n gbọ́ ọ rí.

Ẹni tó wá láti Ìjẹ̀bú ní Erédò Ṣùngbọ́, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ọ̀nà mọ́tò ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ní ọdún Ṣàngó, tó wọ àtòjọ UNESCO ní 2023, èyí tó jẹ́ ti àṣà àti ìṣe, tó yàtọ̀ sí ti àwọn ibi. Ẹni tó ń ka èdè, Ifá wà nínú àtòjọ kan náà láti 2008, ṣùgbọ́n àwọn bàbá tó mọ ẹsẹ rẹ̀ ń lọ, a kò sì tíì gba ohùn ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìjọba Netherlands dá 119 nínú iṣẹ́ ọnà Benin tí àwọn òyìnbó kó lọ padà fún Nàìjíríà ní 2025, Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2022. Wọ́n ń bọ̀ wálé, ta ni yóò kọ nọ́ńbà sí wọn lára, tí kò ní jẹ́ kí ooru àti kòkòrò jẹ wọ́n? Èyí ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ ọ́ ní ojú ewé kan, kí ẹ fi ohun tí owó náà yóò ṣe parí rẹ̀: ọkọ̀ lọ sí oko ìwalẹ̀, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, àyẹ̀wò ọjọ́ orí èédú. Ẹ má fi ẹkún kún un. Wọ́n mọ̀ pé owó kò sí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọ̀wé.

Bí wọ́n bá pè yín láti bá yín sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ń bọ̀ dandan: "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ fi èyí ṣe?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ẹ dárúkọ ibi iṣẹ́. NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, wà láti 1979, òun ló ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ káàkiri. Ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè wà ní Ìbàdàn, Ẹnúgú àti Kàdúná. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iléeṣẹ́ àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́. Ẹni tó bá dárúkọ ibi mẹ́ta láìwo ìwé ti yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ pé "iṣẹ́ ìjọba".

Títí Akádá
Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti fi àwòrán ọ̀rọ̀ yín pamọ́ sórí fóònù mi.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Inú mi dùn, ojú sì tì mí díẹ̀, nítorí mo ti kọ "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àṣà" sínú tèmi.

Olùkọ́ Iho Ẹlẹ́rú
Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Pa á rẹ́.

Kẹ́mi Oko Ìwalẹ̀
Ọdún kẹrin ni mo wà, àkíọ́lọ́jì náà ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba owó oko ìwalẹ̀. Ẹgbẹ́ wa tó ń ka ìmọ̀ òfin ń ra ìwé, àwa ń sanwó ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, bàtà àti oògùn ibà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú igbó. Bọ́sárì kì í bá àkókò yẹn dé, ó sábà máa ń dé lẹ́yìn rẹ̀ ni. Nítorí náà tí owó bá wọlé, ẹ má fi ra fóònù. Àwa ń dá èésú ní kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó tó di ìgbà oko. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka bóyá ohun èlò ẹ̀ka, bíi kámẹ́rà àti GPS, ṣeé yá. Ó máa ń ṣeé yá, wọn kì í kàn polongo rẹ̀.

Bọ̀dé Aláriwo
Ti òkè òkun ńkọ́? BEA, tí ìjọba fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilẹ̀ tó bá wa ní àdéhùn?

Títí Akádá
Ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé òun fòpin sí BEA, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti pariwo lórí owó tí kò dé bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún ẹ, sá fún un. Èyí tó kù jẹ́ ti ìjọba ilẹ̀ mìíràn, Másítà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Chevening ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹni tó fẹ́ ka iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ìtọ́jú ohun àjogúnbá, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ wákàtí iṣẹ́ 2,800 kí o tó kọ ọ́, o sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Commonwealth Scholarship àti DAAD ti Jámánì náà wà. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ bá ṣe nílé ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà ìsinmi, ẹ gba lẹ́tà lé e lórí láti ìsinsìnyí. Tí ọdún bá gorí ọdún, ẹni tó mọ̀ yín níbẹ̀ lè ti kúrò.

Alábòójútó
Ẹ jọ̀ọ́, ìsopọ̀ méjì tí ẹnì kan fi síbí lówùúrọ̀ yìí, mo ti yọ wọ́n. Wọ́n ń béèrè BVN àti nọ́ńbà OTP. Ti ìjọba, .gov.ng ló máa ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì rẹ̀. Ti NELFUND ni nelf.gov.ng. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń pín sikọ́láṣíìpù lórí Telegram.

Ọmọ Ìdànrè
Ìbéèrè kan ló kù. Ìdànrè ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé. Ṣé Ọ̀yọ́ ni kí n kọ fún ni àbí Òndó?

Alága Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀
Òndó. Níbi tí bàbá rẹ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ọ sí, àyàfi níbi tí ìpínlẹ̀ bá sọ pé òun gba olùgbé. Má ṣe gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ méjì, ìyẹn á kó bá ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi wéra. Sekitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni kí o lọ, bí bàbá rẹ bá lè bá ọ lọ, yóò yá kíákíá. Bí kò bá lè lọ, kí ó kọ lẹ́tà kó sì so ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ mọ́ ọn. Mú fọ́tò pélébé mẹ́rin, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ, àti ẹ̀dà NIN. Má lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń fọwọ́ sí i lè ti lọ sí ìpàdé. Tí o bá ti gbà á, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́fà lójúkan náà, kí o wá kọ síbí kí n fi nọ́ńbà akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Òndó ní fásitì rẹ ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀.

Ọmọ Ìdànrè
Bàbá mi ní àwọn á tẹ̀lé mi ní Ọjọ́rú. Ẹ tún gbọ́ o: wọ́n ní tí a bá ti débẹ̀, àwọn á mú mi gun òkè náà, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ni. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ọjọ́ orí wọn kò gba ìyẹn mọ́.

Àǹtí Ìbàdàn
Jẹ́ kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀, kí ìwọ lọ ya fọ́tò fún lẹ́tà rẹ.